Fírísà Wo Ni Kí N Rà? Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Bí Oníbàárà Ṣe Ń Yan Ọjà

Iye owó ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ta fíríìjì àti fírísà láti ọjọ́ pípẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, èló lèyí?” ni wọn yóò bi mí kí wọ́n tó wo ọjà náà yípo. Bí ẹnìkan bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń gbọ́ ìbéèrè yìí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò gbà pé owó nìkan ni àwọn ènìyàn fi ń yan ọjà. Ohun tí èmi rí yàtọ̀ sí i. Lóòótọ́, owó ni ó ń sọ iye ọjà tí apá ènìyàn ká, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí apá rẹ̀ ká wọ̀nyẹn, nǹkan mìíràn ni ó máa ń darí ọwọ́ rẹ̀: ẹnu ẹni tó fọkàn tán, irú iná tó ń wá sí àdúgbò rẹ̀, ìgbà tí owó dé ọwọ́ rẹ̀, àti bí àwa tí a ń tajà ṣe to ọjà síwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi sílẹ̀, pàápàá jù lọ nípa àwọn ohun tí ènìyàn fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti yan ọjà, ì báà jẹ́ ìwé, ì báà jẹ́ fóònù, ì báà jẹ́ oníṣẹ́ tó mú dání wá, nítorí pé èyí tó dára nínú wọn lè yọ oníbàárà nínú ìnáwó ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí kò dára sì lè mú un ra ohun tí kò bá ilé rẹ̀ mu, kí ó sì máa rò pé òun fúnra òun ni òun yàn án.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹnu ará àdúgbò ló lágbára jù lọ. Màmá kan tó ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, irú ti Ìyá Ṣadé ni mo ń wá o, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì.” Wọn kò mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọn kò sì mọ iye lítà tó ń gbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé Ìyá Ṣadé ń rí omi tútù tà lójoojúmọ́. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, níbo ni Ìyá Ṣadé ti ń tajà?” Wọ́n ní Bódìjà ni, ní òpópónà kan tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún béèrè ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń tajà, wọ́n sì dárúkọ àdúgbò kan tí iná ń dé ní òru, tó sì máa ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Fírísà onígíláàsì dára níbi tí iná bá wà, nítorí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń ṣí i lọ ṣí i bọ̀, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í di òtútù mú tó ìdérí tó nípọn, omi tó bá dì lóru yóò sì ti máa yọ́ kí oòrùn tó mú. Mo nawọ́ sí fírísà kan tí ògiri àti ìdérí rẹ̀ nípọn. Màmá wò ó, wọ́n ní kò lẹ́wà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi ìka kan ìdérí méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́ bí ti gíláàsì ṣe dún gooro tí èkejì sì dún bọ̀ọ̀, wọ́n tún kan èkejì lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Òótọ́ ni ẹ̀rí tí Ìyá Ṣadé jẹ́ nípa fírísà rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé Ìyá Ṣadé àti iná ilé Ìyá Ṣadé ni ó jẹ́rìí sí. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gba ìmọ̀ràn tó péye nípa ìgbésí ayé ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí n tó fi ọjà kankan han ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: kí lẹ fẹ́ máa kó sínú rẹ̀, báwo ni iná àdúgbò yín ṣe rí, ta ni yóò sì máa lò ó? Àwọn kan máa ń rò pé mo ń tọ pinpin wọn ni, pàápàá nígbà tí mo bá béèrè iye àwọn tó wà nínú ilé, ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọn a rí i pé ìdáhùn wọn ni ó ń yọ ìdajì ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kúrò lójú wọn, tí ohun tó kù kò sì pọ̀ jù fún wọn láti gbé yẹ̀ wò.

Ìgbà tí owó wọlé máa ń yí ìpinnu ènìyàn padà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ kì í fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo, nítorí ó mọ̀ pé bí owó náà bá sun ilé mọ́jú, ìnáwó ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi rárá, ìbẹ̀rù tó ní ìdí ni. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ra èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní dúró de èyí tí yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá tún ní tirẹ̀: fírísà ńlá ni gbogbo ènìyàn ń béèrè nítorí ẹran àgbò tí wọn yóò tọ́jú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹran náà kì í pẹ́ tán, fírísà náà yóò sì wà nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí yóò máa fi iná mú àyè tó ṣófo tutù. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n lásìkò yìí ni pé, “Lóṣù méjì lẹ́yìn ọdún, kí ni yóò wà nínú rẹ̀?” Àwọ̀ àti ẹwà náà ní ipa tiwọn, pàápàá nínú ilé tí fíríìjì bá ti máa wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n lórí ìyẹn, mo máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ kó yan ohun tó wù ú.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìbéèrè àwọn oníbàárà wa yí padà gan-an. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà ni NERC, àjọ tó ń ṣàbójútó iná mànàmáná, kéde pé àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtì 20 lóòjọ́, yóò máa san ₦225 lórí yúnìtì iná kan dípò nǹkan bíi ₦68 tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Owó náà dín díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje, láìtíì ka owó orí VAT mọ́ ọn. Àfikún yẹn kò kan àwọn tó wà ní Band tó kù. Ṣáájú ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan tó bi mí pé yúnìtì mélòó ni fírísà máa ń jẹ, àyàfi àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣòwò, tí ìnira epo ti kọ́ lọ́gbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Lẹ́yìn àfikún náà, mo rí àwọn tó ń béèrè nípa iná kí wọ́n tó béèrè iye owó ọjà. Mo gbà pé mítà alásansílẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ yìí jù lọ. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé bíìlì wá fún ní òpin oṣù kì í mọ ohun tó jẹ iná nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra yúnìtì fúnra rẹ̀ ń wo nọ́ńbà tó ń dínkù lójú mítà, ó lè pa fírísà kó tún tàn án, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìrànwọ́ ńlá ni mítà yẹn jẹ́ fún ẹni tó ń yan ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣe é fún ìdí yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé ìdáhùn ìbéèrè wọn wà lẹ́yìn fírísà fúnra rẹ̀. Ìwé kékeré aláwọ̀ fàdákà kan wà tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítòsí ibi tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wà, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo máa ń fi iná fóònù tan ìmọ́lẹ̀ sí i kí a tó rí i kà. Lára ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni agbára iná tó ń lò, orúkọ gáàsì inú rẹ̀, lẹ́tà tó ń sọ irú ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é fún, àti, lára ọ̀pọ̀ wọn, iye kWh tó ń jẹ láàárín wákàtì 24. kWh kan ni àwa ń pè ní yúnìtì kan. Àwọn lẹ́tà ojú ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì fún wa ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. SN àti N wà fún yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 32 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ST dé 38, T sì dé 43. Nínú ṣọ́ọ̀bù alápáànù ní Ìbàdàn ní oṣù kẹta, ooru kọjá 32 dáadáa. Ọ̀pọ̀ fíríìjì tòkúnbọ̀ tí mo ti yẹ̀yìn wọn wò jẹ́ SN tàbí N, nítorí ilé olótùútù ní Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá gbé e dé ìhín, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í sinmi, yúnìtì yóò sì máa lọ. Ẹni tó rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú yóò máa san ìyókù owó náà díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti ń ra kádì iná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò kan pọ̀. Ká ní fírísà méjì wà tí ìwọ̀n wọn kò jura lọ, tí ìwé ẹ̀yìn àkọ́kọ́ sọ pé 1.2 kWh ni ó ń jẹ lóòjọ́, ti èkejì sì jẹ́ 0.7. Lórí ₦209.50, àkọ́kọ́ yóò jẹ ₦7,542 ní ọgbọ̀n ọjọ́, èkejì yóò sì jẹ nǹkan bíi ₦4,400. Ìyàtọ̀ wọn lóṣù kan lé díẹ̀ ní ₦3,140, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦38,000 lọ́dún kan, àti nǹkan bíi ₦188,500 ní ọdún márùn-ún. Ní ìlé ẹni tó bá wà ní Band A, fírísà kejì lè wọ́n ju àkọ́kọ́ lọ dé ìwọ̀n yẹn kó sì tún sàn fún un. Ní ilé màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ní ìṣáájú, níbi tí yúnìtì kò ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí iná sì ń wá fún ìwọ̀nba wákàtì, ìyàtọ̀ yẹn yóò kéré gan-an, wákàtì tí fírísà lè fi di òtútù mú lẹ́yìn tí iná bá lọ ni yóò sì ṣe pàtàkì jù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn fírísà náà kò ka ìdérí tí àwọn ọmọ ń ṣí ní gbogbo ìgbà, nítorí náà mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kí ó fi ṣe àfiwé láàárín ọjà sí ọjà, kí ó má fi ṣe ìlérí ohun tí mítà rẹ̀ yóò sọ gẹ́lẹ́.

Láti inú irú ìṣírò yìí ni ìwé àfiwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara fírísà kọ̀ọ̀kan ti jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé tiwọn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa, tó kún fún ìlà àti òpó, tí wọ́n kọ ohun gbogbo sí láti orí ìwúwo títí dé ariwo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Mo ti fi í lé oníbàárà lọ́wọ́, mo sì ti wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń kà á: wọn a wo àwòrán, wọn a yí i sẹ́yìn, wọn a dá a padà, wọn a sì tún bi mí pé, “Ìwọ̀ ńkọ́, èwo lo rò pé ó dára?” Èyí tí èmi kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, mo sì fi Yorùbá kọ ọ́: iye owó rẹ̀ lónìí, iye tí yóò máa jẹ nínú kádì iná lóṣù bí ẹ bá wà ní Band A, wákàtì tí yóò fi di òtútù mú bí iná bá lọ. Fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja dídì, mo yọ lítà kúrò pátápátá, mo sì kọ iye páálí ẹja tó ń gbà, nítorí páálí ni wọ́n fi ń rajà, páálí náà ni wọ́n fi ń ronú. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni pé mo kó òfìfo páálí sínú fírísà kọ̀ọ̀kan títí ìdérí rẹ̀ kò fi lè pa dé mọ́.

Ohun tó fún mi ní àpẹẹrẹ ni ètò tí NAFDAC gbé jáde ní ọdún 2010 fún àwọn oògùn kan, tí ènìyàn yóò ha ojú páálí oògùn, yóò fi nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, tí èsì yóò sì sọ fún un bóyá oògùn náà jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó ń ra oògùn ibà kò nílò ẹ̀kọ́ nípa kẹ́mísìrì lórí ìjókòó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn náà ni wọ́n sì dáhùn fún un níbi tó dúró sí, kí ó tó sanwó.

Lórí iye ọjà tó yẹ kí a fi han ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí mo rí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí mu. Ní ọdún 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nínú ilé ìtajà oúnjẹ kan ní California. Nígbà tí wọ́n to oríṣi jáàmù 24 sílẹ̀ fún ìtọ́wò, èrò dúró síbẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n to 6 lọ, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó dúró, nǹkan bíi 3 nínú 100 péré ló rà nígbà tó jẹ́ 24, nǹkan bíi 30 nínú 100 ló sì rà nígbà tó jẹ́ 6. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ọ́ di òfin láti ìgbà náà pé ọjà púpọ̀ ń lé oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, Benjamin Scheibehenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì rí i pé bí a bá gbé gbogbo wọn lé ìwọ̀n, ipa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, nítorí níbi kan ó fara hàn, níbòmíràn òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó ti lo fírísà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn lè rìn láàárín gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì nawọ́ sí ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọjà púpọ̀ sì ń dùn mọ́ wọn. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi ohun gbogbo hàn wọ́n, wọn a ní àwọn ń lọ rò ó, wọn kò sì ní padà wá. Bí mo bá ti béèrè àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn, tí mo sì fi mẹ́ta tó bá ìdáhùn wọn mu hàn wọ́n, wọ́n máa ń jókòó, wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìyàwó yóò ka ìwé ara fírísà sókè, ọkọ yóò fi fóònù ṣírò.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwa ontajà kì í fẹ́ sọ níta. Ẹni tó bá ń yan mẹ́ta tí oníbàárà yóò rí ti yan ìdajì ọjà náà fún un. Joel Huber, John Payne àti Christopher Puto fi èyí hàn nínú ìwádìí kan ní ọdún 1982: bí ènìyàn bá ń ṣiyèméjì láàárín ọjà méjì, tí a sì mú ẹ̀kẹta wá tí ó burú ju ọ̀kan nínú wọn lọ ní gbogbo ọ̀nà, kò sẹ́ni tí yóò ra ẹ̀kẹta náà, ṣùgbọ́n yóò mú kí èyí tó jọ ọ́, tó sì dára jù ú lọ, tà sí i. Ní ọjà wa, ẹ ó rí fírísà kan tó wọ́n bíi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì kéré jù ú lọ, tó ti kún fún eruku nítorí pé ọdún dé, ọdún lọ, kò kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dára lójú. Ọgbọ́n náà ń tajà lóòótọ́. Mi ò lò ó, nítorí oníbàárà tí mo bá fi irú àfiwé bẹ́ẹ̀ darí ti gbà mí gbọ́ níbi tó yẹ kí ó ti gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n fi mẹ́ta hàn yín, ẹ béèrè nípa ẹ̀kẹrin tí wọn kò fi hàn, kí ẹ sì wo bí wọn yóò ṣe dáhùn.

Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá pẹ̀lú fóònù, tí wọ́n ti lo wákàtì pípẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi ọjà wé ọjà. Ìrànwọ́ gidi ni. Gerald Häubl àti Valerie Trifts ṣe ìwádìí kan ní Kánádà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ra àgọ́ ìrìn-àjò àti ẹ̀rọ orin lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ẹ̀rọ bá to ọjà fún gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ kò yẹ ọjà púpọ̀ wò, síbẹ̀ ìpinnu wọn dára sí i. Ṣùgbọ́n Häubl fúnra rẹ̀ àti Kyle Murray padà fi hàn ní ọdún 2003 pé ohun tí ẹ̀rọ bá béèrè lọ́wọ́ ènìyàn ni ènìyàn náà yóò máa kà sí pàtàkì, ohun tí kò bá béèrè yóò sì fò ó lójú. Mo rí i lójoojúmọ́. Àwọn ìtàkùn tí ọ̀dọ́ ń lò ń béèrè iye owó, lítà, àwọ̀ àti orúkọ ilé-iṣẹ́. Wọn kì í béèrè bóyá ẹni tó ń rà á wà ní Band A, wọn kì í sì í béèrè lẹ́tà T. Ọ̀dọ́ náà yóò wá dúró níwájú mi pẹ̀lú ìpinnu tó ti gún régé lórí ohun mẹ́rin tí fóònù bi í, láìní èrò kankan lórí ohun méjì tí yóò máa ná an lówó.

Oníṣẹ́ fíríìjì tí oníbàárà bá mú dání ni ìrànwọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún jù, òun náà sì ni mo máa ń fọgbọ́n bá lò jù. Ó mọ ohun tí ìwé kankan kò kọ: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó tètè ń bàjẹ́, ohun èlò tó ṣòro rí rà, ilé-iṣẹ́ tí kì í dáhùn nígbà tí ènìyàn bá mú gáránǹtì wá. Ọ̀pọ̀ fírísà tuntun ń lo gáàsì R600a, èyí tó ń gbiná, tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì tó. Ẹni tó jẹ́ pé R134a, gáàsì àtijọ́ tí kì í tètè gbiná, nìkan ló mọ́ ọn lára lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu bó bá gbé iná tí wọ́n fi ń jó páìpù pọ̀ sún mọ́ ọn láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá sọ fún ìyá kan pé kò sí ẹni tó lè tún irú èyí ṣe ní àdúgbò wọn, ìmọ̀ràn tó ní ìtumọ̀ ni, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ibi tí ọ̀ràn ti ń wọ́ ni pé àwọn ontajà kan ń fún oníṣẹ́ ní owó lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ, tí ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò sì máa tọ ọ̀nà ibi tí owó yẹn ti ń wá. Mo gba oníbàárà níyànjú pé kí òun fúnra rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún oníṣẹ́ náà kí wọ́n tó jáde nílé, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lé e lórí. Owó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fírísà, ó sì ń jẹ́ kí ó hàn kedere ta ni oníṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ìnájà gan-an kò ṣeé fò. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé kí ontajà kọ iye owó ọjà sí ibi tí oníbàárà yóò ti rí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, ẹnu ni iye owó ṣì ń gbé. Nígbà tí Amos Tversky àti Daniel Kahneman kọ̀wé ní ọdún 1974, wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yí àgbá kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì wá bi wọ́n pé, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wá láti Áfíríkà. Àwọn tí àgbá dúró fún lórí 10 dáhùn ní nǹkan bíi 25, àwọn tó dúró fún lórí 65 dáhùn ní nǹkan bíi 45, bẹ́ẹ̀ sì ni àgbá kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ontajà bá dá lé ọjà ní irú agbára yẹn. Ẹni tí wọ́n bá dá iye tó ga fún yóò ná an títí, yóò lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé òun já owó púpọ̀, tí iye tó san yóò sì tún ju ti ẹni tó ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ iye owó sórí ìwé ara fírísà, a ṣì ń ná an, nítorí kò sí bí a ó ṣe ta ọjà n'Ìbàdàn láìjẹ́ pé a ná an, ṣùgbọ́n àyè ìnáá ti kéré, ọ̀pọ̀ àkókò tí a ń lò lórí owó sì ti lọ sórí ìlà kejì àti ìkẹta.

Àwọn tó ń lo sólà ni ó mú kí n máa ronú lórí ìlà kẹrin báyìí. Fírísà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú ti àtijọ́ máa ń fa iná tó ju èyí tó ń lò lọ ní ìlọ́po mélòó kan lákòókò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, inverter kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò, yóò sì pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ẹ̀yìn fírísà sọ pé ó yẹ kí ó gbé e. Èyí tí wọ́n ń pè ní fírísà inverter máa ń gbéra díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún sólà. Àwọn kan sì ti rà á nítorí wọ́n rò pé bátìrì wà nínú rẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láìpẹ́ yìí pẹ̀lú àwòrán ìwé ara inverter ilé rẹ̀ lórí fóònù, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀yìn fírísà tó wù ú, a sì rí i pé kò ní lè gbé e. Kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ìlà kẹrin tí mo ti kọ sí orí àwọn fírísà tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà nìyí: “Bí ẹ bá ń lo sólà, ẹ ya àwòrán ìwé ara inverter yín wá.” Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ ná, nítorí mo ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí kò lo sólà yóò máa dúró kà á kí wọ́n tó ka ìlà mẹ́ta tó kàn wọ́n.